Ohùn Ìkẹyìn Lápá Ọ̀tún

Ọkùnrin náà ki orí bọ inú dùùrù, kò sì dáhùn nígbà tí obìnrin náà kí i.

Ọ̀sán ni. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Olùkọ́ orin ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a máa ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù títẹ̀ nínú yàrá iwájú ilé wọn. Inú yàrá náà ni ó ti rí ẹ̀yìn ọkùnrin gíga kan tí ó ká ọwọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀ dé ìgúnpá. Atúndùùrùṣe ni. Ó ti ṣí ìdérí dùùrù kúrò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ eyín dùùrù kan ní àtẹ̀túntẹ̀. Sípánà kékeré wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi í yí èèkàn tí wáyà rọ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀. Etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn wáyà náà.

"Ẹ káàsán, sà," ni obìnrin náà tún wí, ó sì rìn wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Bàtà yín ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án."

Kò sí ẹni tí ó tíì pàṣẹ fún un rí nínú yàrá náà bí kò ṣe bàbá rẹ̀. Síbẹ̀ ó dúró. Nígbà tí ọkùnrin náà gbé orí sókè, ó rí i pé obìnrin náà fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, bàtà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bọ́ wọn?"

"Ẹ ní wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀. Mo ti bá wọn wí. Ṣé mo lè mí?"

"Ẹ lè mí. Ẹ má kàn fi ariwo sí i."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò tètè rẹ́rìn-ín. Ẹnu obìnrin náà ni ó ń wò. Obìnrin náà rò pé bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin tí ó wù ú ni.

"Ẹ jókòó kí ẹ tẹ̀ ẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Iṣẹ́ mi kì í parí títí ẹlòmíràn á fi tẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà tẹ orin jẹ́jẹ́ kan tí àgbà òǹkọrin kan kọ sílẹ̀ kí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó dáyé. Nínú orin náà, ọwọ́ òsì kì í kúrò lójú kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń gun òkè lọ, títí yóò fi kan eyín tí ó gbẹ̀yìn pátápátá lápá ọ̀tún, níbi tí ohùn ti tínrín jù lọ. Ibẹ̀ ni orin náà parí sí. Òun ni obìnrin náà yóò tẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú ní ìparí ọdún, níwájú àwọn tí ó mọ orin àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga dùùrù.

"Ẹ tún ìparí rẹ̀ tẹ̀."

"Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tún un tẹ̀ nìyẹn."

Àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ dùùrù ni ó sọ ọkùnrin náà ní Elétí-Ehoro. Ó lè dúró sí ojú pópó kí ó sọ ọmọ tí ó jókòó sídìí dùùrù àti ìka tí ó ṣì. Dùùrù kì í fẹ́ kí a máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Àwáwí rẹ̀ ni pé òtútù ti wọ inú dùùrù.

"Òtútù wo?" ni bàbá obìnrin náà bi í ní ọjọ́ kan. Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àti ọmọ rẹ̀ pàápàá. "Nínú oòrùn yìí?"

"Òtútù tí kì í hàn lójú ni, sà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti wọ ọmọ mi náà lára. Láti ìgbà tí o ti ń wá, mo máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jẹ́ mi."

Ọ̀gá kì í fi ọ̀rọ̀ etí ṣeré. "Ẹni tí kò bá ní etí, kí ó lọ máa mọ bíríkì" ni ó máa ń sọ, ó sì ti fi gbólóhùn náà dá ọmọ púpọ̀ padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Nígbà tí Elétí-Ehoro wá sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò béèrè ìdílé rẹ̀, kò sì béèrè ohun tí ó ní. Ó ní kí ó kọjú sí ògiri. Ó ń tẹ ohùn kan tẹ̀lé òmíràn láàárín dùùrù, ọkùnrin náà sì dárúkọ gbogbo wọn láì ṣì.

"Máa fẹ́ ẹ," ni Ọ̀gá wí. "Etí yìí ni mo fún ní ọmọ mi, kí o mọ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ orin gbọ̀ngàn ná, kí ẹ tó dá ọjọ́."

Inú obìnrin náà dùn débi pé kò ro gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ó yọ̀ jù nínú ilé ni Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá lóbìnrin. Aránṣọ ni, yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí di, ó sì ti di tán báyìí. A gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ́ kí a tó bá a sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ń tẹ dùùrù, a máa wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé orin ń lọ. Ó ti wọn obìnrin náà fún aṣọ ìgbéyàwó kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, Elétí-Ehoro a máa kọ́ obìnrin náà bí a ṣe ń lo sípánà.

"Má fi agbára yí i, ìfẹ́ mi. Wáyà kì í dárí jini."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi máa ń dárí jini. Ṣẹ̀ mí kí o wò."

"Màá ronú ohun tí màá fi ṣẹ̀ ọ́."

Kò ní láti ronú jìnnà.

Ní òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn ọjọ́ tí Elétí-Ehoro tún dùùrù ṣe, obìnrin náà jókòó láti tẹ orin rẹ̀. Nígbà tí ó dé eyín ìkẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohùn náà ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ó tún un tẹ̀. Ó ga. Ó tẹ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Òun náà ga, ṣùgbọ́n kò tó ti ìkẹyìn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ojú ọjọ́ ni. Ó mú sípánà tí ọkùnrin náà fún un, ó sì rọ wáyà náà sílẹ̀ kí Ọ̀gá tó jáde nínú yàrá.

Lẹ́yìn àbẹ̀wò kejì, ohùn tí ó ga ti pọ̀ sí i. Nígbà náà ni ìbẹ̀rù wọ inú rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn òkè dáadáa, a máa fa wáyà rẹ̀ le, a máa wá ohùn náà níbi tí kò sí. Bí Ọ̀gá bá mọ̀, yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Etí ni ó fún ní ọmọ. Bí ọkùnrin náà bá mọ̀, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn gbogbo àbẹ̀wò, a máa jí kí ilé tó jí, a máa tún ohun tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe ṣe, a sì máa fi aṣọ nu sípánà. Tí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa fi sípánà pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó ń dúpẹ́ pé Ọ̀gá, tí ń jókòó ti dùùrù náà lójoojúmọ́, kò tíì fura.

Ní ọjọ́ kan, ó ń kánjú, sípánà lọ sí ọ̀nà òdì, wáyà kan sì já. Ó nà án ní ọrùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Àǹtí Àgbà ni ó fi aṣọ dì í fún un nínú yàrá ẹ̀yìn.

"Ta ló nà ọ́?"

"Wáyà ni, Àǹtí."

"Kí lo lọ wá nínú wáyà?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Má purọ́ o. Ẹnu rẹ ni mò ń wò."

"Ẹ bi mí."

"Láti ìgbà wo ni ọkọ rẹ ti ń fi ojú gbọ́rọ̀?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ kejì bo ẹnu.

"Tí o bá kẹ̀yìn sí i, kì í dáhùn. Tí o bá kọjú sí i, ẹnu rẹ ló ń wò. Ìwọ rò pé ìfẹ́ ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohùn àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé wọ́n ti kó kúrò ládùúgbò ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má sọ fún Ọ̀gá."

"Àbúrò mi? Ìgbà wo ló gbọ́ ohun tí mo sọ rí?" Àǹtí Àgbà so aṣọ náà ní kókó. "Sọ fún ọkùnrin náà. Kì í ṣe etí dídi ló ń dun ènìyàn jù. Kí gbogbo ayé mọ̀ kí ìwọ tó mọ̀, òun ló ń dunni."

Ó pinnu láti sọ. Kò sọ. Ọkùnrin náà wá, ó pààrọ̀ wáyà tí ó já, ó béèrè ohun tí ó ṣe ọwọ́ rẹ̀, obìnrin náà sì ní ọwọ́ òun há sẹ́nu ilẹ̀kùn ni. Nítorí ọgbẹ́ náà, kò lè di sípánà mú mọ́. Ó fi dùùrù ilé sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ dùùrù ibẹ̀, ó sì fa ojú ro.

"Ta ló tún eléyìí ṣe? Apá òkè rẹ̀ ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́."

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

Ó mọ̀. Nígbà náà ni ó rí ohun tí ó ti ṣe. Dùùrù ilé kan ṣoṣo ni ó ti ń tún ṣe. Ọkùnrin náà ti ń lọ láti ilé dé ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn tí ó ni gbọ̀ngàn ìlú ránṣẹ́ sí Elétí-Ehoro pé kí ó wá tún dùùrù wọn ṣe fún ọjọ́ orin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin náà dúró sí ẹ̀yìn ọ̀wọ̀n kan lóde gbọ̀ngàn títí ọkùnrin náà fi parí, tí ó sì jáde lọ. Ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná díẹ̀. Ó wọlé. Wọ́n ti to àga, wọ́n ti gbálẹ̀. Ó ṣí dùùrù, ó fi sípánà sórí èèkàn ìkẹyìn, ó tẹ ohùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ń tẹ́tí gan-an, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Elétí-Ehoro dúró sí ìsàlẹ̀ pèpéle. Ó ti gbàgbé aṣọ nínípọn tí ó fi ń sé àwọn wáyà lẹ́nu; òun ni ó padà wá mú.

"Mo ní báwo ló ṣe ga tó?"

"Ó ga púpọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"O sì ti ń tún un ṣe lẹ́yìn mi."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi ńkọ́? Mo ti fura sí etí mi tipẹ́. Tí mo bá ti ilé yín jáde, mo máa ń sọ fún ara mi pé, bó bá bàjẹ́, yóò sọ fún mi, kò ní jẹ́ kó kọjá. O kò sọ nǹkan kan. Mo ní, a jẹ́ pé ó ṣì dáa. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, mo sì ń gba iṣẹ́ kiri."

Obìnrin náà ti rò pé òun ń dáàbò bò ó.

Ọkùnrin náà kẹ̀yìn sí i. "Tẹ̀ wọ́n láti àárín lọ sókè. Tí mo bá gbọ́, màá na ọwọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, ó ń lọ sókè. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé òpin, ọwọ́ náà wálẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Obìnrin náà ń tẹ̀ lọ. Ó tẹ ohùn ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀.

"Ṣé o ti dáwọ́ dúró ni?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Ọwọ́ obìnrin náà ṣì wà lórí eyín dùùrù náà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì yí ọkùnrin náà padà kí ó lè rí ẹnu rẹ̀. "N kò dáwọ́ dúró."

Ọkùnrin náà mi orí. "Mo ti bi dókítà kan. Ó ní bí etí mi bá ń di lóòótọ́, láti òkè ni yóò ti máa lọ wá sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan á kan ohùn tìrẹ. Etí mi ni Ọ̀gá fún ní ìyàwó, etí náà sì ń lọ. Kò yẹ kí n fẹ́ ọ."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó yẹ?"

Ọ̀gá ni ó wọlé lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ó wá gbọ́ ìdánrawò. Ó rí sípánà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Kí ni ẹ̀ ń ṣe?"

Obìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ṣáájú rẹ̀. "Etí mi ń di, sà. Apá òkè dùùrù yìí kò dára. Ti ilé yín náà kò dára. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ti ilé mi? Irọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni mò ń jókòó lójoojúmọ́. Àná ni mo tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tó ṣe é."

Obìnrin náà wo bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí wáyà ti nà án lọ́wọ́, kò tíì fi sípánà kan dùùrù ilé. Ohùn ìkẹyìn rẹ̀ ti burú débi pé ọmọ tí ó ń kọ́ ìwé orin àkọ́kọ́ yóò mọ̀. Ìbẹ̀rù tí ó wá bá a nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí ògiri."

Ọ̀gá kò kọjú sí ògiri. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Mo mọ ohun tí wàá rí. Nígbà tí mo dán an wò, àárín dùùrù ni mo dúró sí. Bí mo bá lọ sókè, èmi gan-an kò ní mọ̀ bóyá ó gbà á." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Mo ti lé ọmọ ọlọ́mọ lọ sídìí bíríkì."

"Ẹ̀yin náà, sà," ni Elétí-Ehoro wí jẹ́jẹ́.

"Èmi náà. Ìdílé wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ó mú mi." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíákíá.

Kò sí ẹni tí ó sọ èyí tí ó kù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ.

Ọkùnrin náà ni ó kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀. Ó gba sípánà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó gun pèpéle, ó sì fi í sórí èèkàn.

"Jókòó. Kọjú sí mi. Máa sọ fún mi."

Obìnrin náà ń tẹ̀, ọkùnrin náà ń yí. "Sílẹ̀," ni obìnrin náà ń wí. "Díẹ̀ sí i. O ti kọjá rẹ̀. Padà. Dúró." Ọkùnrin náà kò gbé ojú kúrò ní ẹnu rẹ̀.

"Bí tìrẹ náà bá lọ ńkọ́?" ni ọkùnrin náà béèrè, ó rọra sọ ọ́ kí Ọ̀gá má bàa gbọ́, ó sì gbàgbé pé Ọ̀gá kò lè gbọ́ ọ.

"A jẹ́ pé a ó jọ máa wo ẹnu ara wa. Àǹtí Àgbà á kọ́ wa. Ó ti ń wá ẹni tí yóò kọ́ tipẹ́."

"Mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà mí."

Ọkùnrin náà yọ sípánà kúrò lórí èèkàn. "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Ẹni tó bá ṣì ń gbọ́ ni kó máa sọ òótọ́ fún èkejì. Bó ti wù kó burú tó."

"Mo gbà."

"Ó kù kan. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ ohùn ìkẹyìn. "Ó pé," ni ó wí, ọkùnrin náà sì gbà á gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé àga Àǹtí Àgbà sórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, kí ó lè gbé ọwọ́ lé e. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ wọn. Ọ̀gá àti Elétí-Ehoro jókòó níwájú. Obìnrin náà tẹ orin náà títí dé òkè. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan eyín ìkẹyìn, bàbá rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wo ìka náà, wọ́n sì mọ̀ pé orin ti parí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó kí ọdún tuntun tó gbó. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n lọ sí gbogbo ilé tí ọkùnrin náà ti ba dùùrù jẹ́. Ó sọ òótọ́ fún àwọn onílé, ó bẹ̀bẹ̀, àwọn méjèèjì sì tún un ṣe. Àwọn kan ní kí ó má padà wá mọ́. Àwọn yòókù ń ránṣẹ́ pè wọ́n títí di ìsinsìnyí: ọkọ a máa yí èèkàn, ìyàwó a máa gbọ́. Ọ̀gá kì í dán etí ọmọ kankan wò mọ́.

Ní òwúrọ̀, kí ìyàwó tó lọ síbi iṣẹ́, a máa jókòó ti dùùrù, a máa tẹ ohùn ìkẹyìn lápá ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ a máa dúró níwájú rẹ̀, a máa wo ojú rẹ̀ títí yóò fi sọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́. Títí di òní, ìyàwó ń gbọ́ ọ.